Mélòó Lo Lè Gbà?

"Fọwọ́ sí i jàre, ká lọ jẹun," Abdulhafeez wí, ó sì ju bírò sórí tábìlì.

Tiwátọ́pẹ́ kò mú bírò. Ó ń wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Àyè orúkọ mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Abdulhafeez ti kọ tirẹ̀, ó tilẹ̀ fa ìlà gbọọrọ sábẹ́ ẹ̀ bí ọ̀gá báńkì. Ìdrís, ẹnì kejì rẹ̀, ti kọ tirẹ̀ náà. Ó wá ku àyè kan ṣoṣo.

"Mi ò fọwọ́ sí i," ni Tiwátọ́pẹ́ wí.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn, tó ń ká wáyà sínú páálí lẹ́yìn wọn, gbé orí sókè. "Kí lo sọ?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo ní mi ò lè fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà tó wà ní ojú ìwé kejì kò dáa, ohun tí a kọ sísàlẹ̀ ẹ̀ kì í sì í ṣe òótọ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín dáadáa, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ awo. Ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ yìí wà ní Òkóta. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlélógún ló wà ní láàbù wọn. Lábẹ́ tábìlì olùkọ́ ni kọ̀ǹpútà arúgbó kan jókòó sí, ojú rẹ̀ sì wà lórí tábìlì, òun ni àwọn ọmọ ń pè ní Bàbá. Iṣẹ́ Bàbá kò ju pé kó máa tọ́jú iṣẹ́ gbogbo ọmọ pa mọ́. Bí ọmọ bá ṣe iṣẹ́ tán, yóò fi í ránṣẹ́ sí Bàbá lórí wáyà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í gbé iṣẹ́ ńlá ránṣẹ́ lódindi. Ńṣe ló máa ń gé e, tí yóò dì í ní ìdì ìdì, tí yóò sì máa rán an lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á ní láti ní ìlànà tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Ibo ni ìdì kan gbọ́dọ̀ tóbi dé? Ìlànà yẹn gan-an ni àwọn ọmọ mẹ́ta yìí ń kọ fún ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ̀bùn ipò kìíní kì í sì í ṣe ti eré: láptọ́ọ̀pù tuntun kọ̀ọ̀kan fún ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún odindi ọdún kan. Tiwátọ́pẹ́ ò sì ní láptọ́ọ̀pù. Fóònù ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti sán, ló fi ń kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà bí ó bá ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ojoojúmọ́ ló ń lá àlá láptọ́ọ̀pù yẹn.

"Mẹ́gábáìtì mẹ́rìndínlógún fún ìdì kan," Abdulhafeez wí, ó ń fi ìka gbá ìwé náà. "Bí ìdì bá ṣe tóbi tó ni iṣẹ́ ṣe máa yá tó. Ṣebí o wà níbẹ̀ lánàá? Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré!"

"Kọ̀ǹpútà mélòó la fi dán an wò?"

"Méjì. Kí ló dé?"

"Méjì nìyẹn! Bàbá máa ń ya àyè odindi ìdì kan sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ránṣẹ́ sí i. Àyè tó kù nínú ìrántí ẹ̀ ò ju ọ̀ọ́dúnrún mẹ́gábáìtì lọ. Ìwọ náà ṣírò ó. Bí ọmọ mẹ́rìnlélógún bá jọ ránṣẹ́ pọ̀ ńkọ́? Ẹni kọkàndínlógún ò ní rí àyè. Bàbá á dákú mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ta ló ní kí ọmọ mẹ́rìnlélógún jọ ránṣẹ́ pọ̀? Kọ̀ǹpútà méjì ni wọ́n máa fún wa ní Ìkẹjà. Àwọn adájọ́ á wo aago, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó parí."

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ńkọ́, tí gbogbo kíláàsì wa máa fi iṣẹ́ àṣekágbá ránṣẹ́? Tó o bá ní Ìkẹjà nìkan là ń lọ, kí ló dé tí o kọ ọ́ síbí pé, 'A ti dán ìlànà yìí wò lórí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa'? Nígbà wo la dán an wò?"

Abdulhafeez wo olùkọ́. Olùkọ́ wo àjà. Lẹ́yìn náà ló wá fi páálí wáyà sílẹ̀.

"Tiwátọ́pẹ́, gbọ́ mi. Ìdíje là ń lọ, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń kọ irú gbólóhùn yẹn. Ọ̀la ni orúkọ gbọ́dọ̀ dé Ìkẹjà. Bí o kò bá tíì fọwọ́ sí i kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la tó lù, mo ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dún ún dé ìdí ọkàn. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kí olùkọ́ pé ó dàbọ̀, ó sì jáde.

Òkè-Afà ni ìyá rẹ̀ ti ń ta píọ̀ wọ́tà. Kì í ṣe ẹyọ ẹyọ o, àpò àpò ló ń tà á fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Ọmọ Ìwó ni obìnrin náà, kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Nígbà tí Tiwátọ́pẹ́ débẹ̀, fóònù wà létí ìyá rẹ̀ bí ó ṣe máa ń wà, Táòfíkì tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá fún un sì dúró tì í.

"Ìyá Àbáyọ̀mí, ẹ kú ọjà o. Mélòó lẹ lè gbà lónìí? Mẹ́jọ? Ó dáa." Ó pa fóònù. "Táòfíkì, mẹ́jọ ni tiwọn."

"Mọ́mì, ẹ ò kúkú jẹ́ kí n já ogójì sílẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Epo ń lọ o."

"Kí o tún lọ to omi mi sínú oòrùn? Ṣé o ti gbàgbé ohun tó o ṣe ní Ire-Akari ni? Fíríìsà obìnrin yẹn ò gbà ju mẹ́wàá lọ, ìwọ já ogójì sílẹ̀ níwájú ilé onílé. Ọgbọ̀n ló bà jẹ́! Jọ̀ọ́, mẹ́jọ ni wọ́n ní àwọn lè gbà, mẹ́jọ ni kó o gbé lọ."

Táòfíkì rẹ́rìn-ín, ó ń họrí. Tiwátọ́pẹ́ ò fetí sí wọn. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ "mélòó lẹ lè gbà" yìí, kò sì já mọ́ nǹkan kan létí rẹ̀ mọ́. Ó dúró kí Táòfíkì wa kẹ̀kẹ́ lọ tán, ó wá ro ẹjọ́ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Láptọ́ọ̀pù?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Tuntun? Wọ́n fẹ́ fún ọ, ìwọ ní o ò ṣe?"

"Mọ́mì, irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí n fi orúkọ mi sábẹ́ ẹ̀."

"Ó dá ọ lójú pé irọ́ ni?"

"Ó dá mi lójú."

Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó pòṣé. "Tóò. Má fọwọ́ sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba ipò náà lọ́wọ́ ẹ, má wá fajú ro níwájú mi o! Ìwọ lo yàn án."

Wọ́n gbà á lóòótọ́. Aago mẹ́jọ lù lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú sì fi gègé pa orúkọ Tiwátọ́pẹ́ rẹ́. Ṣé ẹ wá mọ ẹni tó fi rọ́pò rẹ̀? Morọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó sórí àga kan náà.

"Ṣé inú ń bí ẹ sí mi?" Morọ́lá béèrè nígbà ìsinmi.

"Inú ń bí mi gan-an."

"Ẹnì kan á ṣáà gba ipò yẹn, Tiwá. Bí èmi ò bá gbà á, ẹlòmíràn á gbà á."

"Ṣé o ka ojú ìwé kejì?"

Morọ́lá ń fi ọwọ́ tú báàgì rẹ̀. Tiwátọ́pẹ́ lọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sunkún. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó sunkún dáadáa. Ó ronú kan láptọ́ọ̀pù yẹn, ó tún sunkún sí i. Nígbà tó ṣe tán, ó bọ́jú, ó yá fláàṣì méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orí kọ̀ǹpútà kan dé èkejì, ó ń da iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kọ sí i. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Wòlíì obìnrin, kí lo tún rí?" Kí ilé ẹ̀kọ́ tó parí, ó ti da iṣẹ́ gbogbo wọn kọ tán.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ìyáàfin Abórìṣàdé, wá sí láàbù láti wo ohun tí wọ́n ń gbé lọ sí Ìkẹjà. Ọmọ Èkìtì ni obìnrin yìí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ọmọ sì ń bẹ̀rù rẹ̀ ju pàṣán lọ. Gbogbo kíláàsì jókòó, oníkálukú sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Abdulhafeez àti Ìdrís fi kọ̀ǹpútà méjì ránṣẹ́ sí Bàbá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ti dé. Àtẹ́wọ́ ta. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Tiwátọ́pẹ́ dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ."

"Jókòó," ni olùkọ́ wí.

"Mi ò ní jókòó, sà. Ẹ má bínú. Bí ẹ bá fẹ́ nà mí lẹ́yìn èyí, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó."

Yéè! Morọ́lá tẹrí ba mọ́ tábìlì. Ìyáàfin Abórìṣàdé rọra bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Kí ló dé, ọmọ yìí?"

"Mà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé a ti dán an wò lórí gbogbo kọ̀ǹpútà wa. A ò dán an wò. Gbogbo wa ló jókòó yìí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ṣiṣẹ́, màá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lọ́la, màá sì bẹ Abdulhafeez."

"Bí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Kí wọ́n yọ irọ́ yẹn kúrò níbẹ̀, mà. Kò ní kọjá ọmọ méjìdínlógún."

Ìyáàfin Abórìṣàdé yíjú sí olùkọ́. "Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú, ṣé ẹ dán an wò?"

Olùkọ́ nu òógùn ọrùn rẹ̀.

"Ó yá," ni ọ̀gá wí. "Gbogbo yín, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Orúkọ àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú Bàbá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, Ìdrís ń kà á sókè. "Mẹ́wàá. Méjìlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Fáànù inú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíkankíkan. "Mẹ́rìndínlógún. Mẹ́tàdínlógún." Ìdrís dúró. Gbogbo wọn dúró. Orúkọ kejìdínlógún ò yọ. Ojú Bàbá ṣú dẹ̀dẹ̀, fáànù inú rẹ̀ sì dákẹ́.

"Mo ṣì í ní ẹyọ kan, mà," ni Tiwátọ́pẹ́ wí. "Méjìdínlógún ni mo pè é."

"Iṣẹ́ mi o!" ni ọmọ kan ké láti ẹ̀yìn. "Iṣẹ́ àṣekágbá mi wà nínú Bàbá!" Ariwo sọ.

Tiwátọ́pẹ́ na fláàṣì méjèèjì sókè. "Ẹ fara balẹ̀. Iṣẹ́ gbogbo yín wà lọ́wọ́ mi."

Àwọn tó pè é ní wòlíì kò wo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Abdulhafeez ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó fò dìde.

"Ó dáa! Tìẹ ńkọ́? Gbogbo ìgbà lò ń bú nọ́ńbà mi. Fi tìẹ síbẹ̀ ká wò ó!"

"Màá fi síbẹ̀," ni Tiwátọ́pẹ́ wí. "Kílóbáìtì kan péré. Ẹgbẹ̀rún ẹ̀ ló ń di mẹ́gábáìtì kan."

Wọ́n jí Bàbá, wọ́n sì fi nọ́ńbà tuntun sí i. Gbogbo kíláàsì tún tẹ̀ ẹ́. Orúkọ mẹ́rìnlélógún yọ, Bàbá ò kú. Tiwátọ́pẹ́ mí kanlẹ̀. Ó wá ku kí iṣẹ́ parí. Ìṣẹ́jú kan lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ìdì kéékèèké ń lọ, lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan Bàbá gbọ́dọ̀ dáhùn pé òun ti rí i kí òmíràn tó lè gbéra. Agogo ìsinmi lù, iṣẹ́ náà ò tíì dé ìdajì.

"Ìgbín!" ni Abdulhafeez kígbe, gbogbo láàbù sì bú sẹ́rìn-ín.

Etí Tiwátọ́pẹ́ gbóná. Ó wù ú kí ó wábi sá sí. Ṣùgbọ́n ó ti ní kí wọ́n dán ti ẹlòmíràn wò níwájú gbogbo ayé, kò sì lè wá bẹ̀bẹ̀ fún tirẹ̀.

"Èmi náà ṣì í, mà," ni ó wí.

Ìyáàfin Abórìṣàdé wo àwọn méjèèjì. "Èyí tó tóbi pa ẹ̀rọ. Èyí tó kéré fẹ́ jẹ́ ká sùn síbí. Nọ́ńbà wo ló wá tọ́?"

Tiwátọ́pẹ́ ń wo Bàbá. Ó ń ronú àyè inú rẹ̀, ó ń ronú àwọn tó ń rọ́ ẹrù lù ú láìbi í léèrè, ṣàdédé ló rí Táòfíkì, ogójì àpò omi àti fíríìsà tí kò gbà ju mẹ́wàá lọ. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kedere. Ó pariwo, "Háà! Mélòó lẹ lè gbà!"

"Kí lo wí?"

"Mà, kò sí nọ́ńbà kan tó tọ́ lójoojúmọ́. Èmi àti Abdulhafeez ń jà lórí nọ́ńbà, a ò bi Bàbá léèrè. Kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ bi Bàbá pé, 'Mélòó lo lè gbà?' Bàbá á wo àyè inú ara ẹ̀, á wo iye ẹni tó ń ránṣẹ́, á sì dáhùn. Bó bá jẹ́ ẹnì kan, kó gba ìdì ńlá. Bó bá jẹ́ gbogbo wa, kó dín in kù. Ẹni tó bá sì gbé ohun tó ju èyí tí Bàbá sọ wá, kó dá a padà láìtú u."

Abdulhafeez la ẹnu láti bú u. Ó pa á dé. Ó fa àga, ó jókòó.

"Bí ẹni tuntun bá wọlé nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Bàbá á tún iye mìíràn sọ fún gbogbo wọn."

"Èyí tó ti wà lójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Ìyẹn dáa o. Mi ò ronú kàn án." Ó fa àga tirẹ̀ náà sítòsí.

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn mìíràn. Ìyáàfin Abórìṣàdé dìde. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú yọ gbólóhùn irọ́ náà kúrò nínú ìwé lójú òun, olùkọ́ sì yọ ọ́. Ó wá kọjú sí Tiwátọ́pẹ́. "O dá olùkọ́ rẹ lóhùn ní gbangba. Ìwọ ni yóò máa gbá láàbù yìí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko."

"Mo gbọ́, mà."

"Orúkọ ti lọ sí Ìkẹjà, mi ò lè dá a padà."

"Mo mọ̀, mà." Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò fajú ro.

Lọ́jọ́ Sátidé, Òkè-Afà ni Tiwátọ́pẹ́ wà, ó ń bá ìyá rẹ̀ ka àpò omi. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Morọ́lá pè. Ìlànà tuntun náà ni wọ́n gbé lọ, ipò kejì ni wọ́n sì ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ tó ṣe ipò kìíní fi kọ̀ǹpútà méjì ránṣẹ́ yára jù wọ́n lọ, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé kẹta ńkọ́. Kò sí láptọ́ọ̀pù fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

"Adájọ́ kan béèrè ẹni tó ronú kan ìbéèrè tí a kọ́kọ́ ń bi Bàbá," Morọ́lá wí. "Abdulhafeez dìde, ó ní, 'Ẹni náà ò sí níbí, mà. A yọ orúkọ ẹ̀ torí pé ó kọ̀ láti fọwọ́ sí irọ́ wa.' Tiwá, jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Mi ò ka ojú ìwé kejì yẹn."

"Mo mọ̀," ni Tiwátọ́pẹ́ wí. "Ọjọ́ mìíràn, máa kà á."

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, gbogbo kíláàsì fi iṣẹ́ àṣekágbá ránṣẹ́ pọ̀. Bàbá dáhùn ìbéèrè gbogbo wọn, kò dákú, kò sì falẹ̀. Kí agogo tó lù, ó ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú mú ìwé tuntun kan wá sídìí Tiwátọ́pẹ́ níbi tó ti ń gbálẹ̀. Ìlànà tuntun náà ló wà níbẹ̀, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ yóò máa lò láti ọjọ́ náà lọ. Àyè orúkọ mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ti òkè pátápátá ló ṣófo.

"Fọwọ́ sí i," ni olùkọ́ wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

Tiwátọ́pẹ́ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ojú ìwé kìíní. Olùkọ́ dúró tì í. Ó kà á títí, olùkọ́ yí ẹsẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Sà," ni ó wí níkẹyìn, "ojú ìwé kẹta. Ẹ kọ ọ́ pé a dán an wò lórí kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlélógún lónìí. Mẹ́tàlélógún ni. Ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti bà jẹ́ láti ọjọ́ Fúráídè, ẹni méjì ló jọ lo ọ̀kan."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú wò ó, ó mi orí, ẹ̀rín sì pa á. Ó gba bírò, ó pa mẹ́rìnlélógún rẹ́, ó kọ mẹ́tàlélógún. Ìgbà yẹn ni Tiwátọ́pẹ́ tó kọ orúkọ rẹ̀, kò sì fa ìlà kankan sábẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, mo mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù yẹn ń dun ẹ̀yin náà. Ó dun èmi pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi orúkọ yín sábẹ́ ohun tí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, ìbáà jẹ́ olùkọ́ ló ní kí ẹ ṣe é, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́. Bí ẹ bá sì ní kí wọ́n dán ti ẹlòmíràn wò, ẹ gbé tiyín náà kalẹ̀ kí wọ́n dán an wò, kí ẹ sì gbà bí ẹ bá ṣì í. Tiwátọ́pẹ́ kò tíì ní láptọ́ọ̀pù di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Fóònù ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti sán ló ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tí ọmọ kan bá jókòó ní láàbù Òkóta yẹn, tó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ́kọ́ ń bi Bàbá ni ìbéèrè tí ìyá Tiwátọ́pẹ́ ń bi àwọn oníbàárà rẹ̀ lójoojúmọ́.